Ọmọ yín ti fọwọ́ síwèé ṣọ́jà l'Amẹ́ríkà, ó tún fẹ́ yí ẹ̀ka padà: ṣé wọ́n lè mú un?

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, aago ti ń lọ sí mọ́kànlá lọ́dọ̀ wa níbí, ni fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló pè mí, a jọ gbé àdúgbò kan náà n'Íbàdàn kó tó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ s'Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n wà báyìí. Ẹ̀gbọ́n ò kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ tó o máa ń kọ ìròyìn, jọ̀ọ́, bá mi wádìí ọ̀rọ̀ kan. Ṣé wọ́n lè mú ọmọ mi?"

Mo ní kí ló ṣe. Ó ní àkọ́bí òun, tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ́dún yìí, ti fọwọ́ síwèé láti wọ iṣẹ́ ológun. Ó ti ṣèdánwò, dókítà ti yẹ ara rẹ̀ wò, ó ti nawọ́ sókè, ó ti búra. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje kó lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́. Àfi bí ọmọ ṣe wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan tó ní òun ò lọ sí ẹ̀ka yẹn mọ́, ẹ̀ka mìíràn lòun fẹ́. Ó ti sọ fún recruiter tó gbà á wọlé. Ìyẹn dá a lóhùn pé tó bá dán an wò, àwọn ọlọ́pàá ológun máa wá a wá sílé, àti pé kó gbàgbé green card tó ń mú kiri yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọmọ ti ń sunkún. Bàbá gan-an ò rí oorun sùn.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó tẹnu ẹnì kan jáde ò yẹ kó di ẹ̀sùn sí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi yìí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ọmọ wa tó ń wọ iṣẹ́ ológun l'Amẹ́ríkà kì í ṣe kékeré mọ́. Lọ sí Houston, lọ sí Maryland, lọ sí Atlanta, wàá rí ìdílé Yorùbá tí wọ́n gbé fọ́tò ọmọ tó wọ aṣọ ológun kọ́ sí pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ní kí n kọ ọ́ síbí, kó lè wúlò fún ẹlòmíì.

Ìdáhùn kúkurú tí mo fún ẹ̀gbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé: rárá o, ẹnikẹ́ni ò ní í mú un. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí ní bó ṣe jẹ́, nítorí "wọn ò ní í mú ọ" àti "kò ní í ná ọ ní nǹkan kan" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìbúra méjì ló wà, kì í ṣe ẹyọ kan

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ rèé. L'Amẹ́ríkà, ọjọ́ téèyàn fọwọ́ síwèé kọ́ ni ọjọ́ tó di ṣọ́jà ní ti gidi. Ètò kan wà láàárín méjèèjì tí wọ́n ń pè ní Delayed Entry Program, àwọn èèyàn máa ń gé e kúrú sí DEP. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, a ti gbà ọ́, ṣùgbọ́n padà sílé ná, lọ parí ìwé rẹ, dúró dìgbà tí àyè máa ṣí níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, èyí tó wà ní abala 10, ẹsẹ̀ 513, fàyè gba kéèyàn wà níbẹ̀ fún 365 ọjọ́, iléeṣẹ́ ológun sì lè fi 365 mìíràn kún un.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọ DEP, á lọ sí ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní MEPS. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yẹ ara wò, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù DD 4, tó jẹ́ ìwé àdéhùn. Ìwé yẹn ló máa sọ pé gbogbo ọdún tó jẹ ìjọba jẹ́ mẹ́jọ, ì báà jẹ́ pé mẹ́rin péré nínú rẹ̀ ló máa fi wọ aṣọ ológun lójoojúmọ́, tí ìyókù á jẹ́ ti ìfipamọ́. Lẹ́yìn náà lá nawọ́ sókè, á búra. Èyí ni ìbúra àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, wọ́n á ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ogun ìfipamọ́, ṣùgbọ́n kò gbowó oṣù, kò wọ aṣọ iṣẹ́, òfin ìfìyàjẹni àwọn ológun ò sì tíì dé ọrùn rẹ̀.

Ìbúra kejì ni ti ọjọ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ó máa padà lọ sí MEPS láàárọ̀ ọjọ́ náà, á tún nawọ́ sókè. Tó bá ti parí ìbúra yẹn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ó ti di ọmọ ogun. Tó bá sá lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọ́n sì lè fìyà jẹ ẹ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí wà láàárín ìbúra méjì yìí. Kí èkejì tó wáyé, ilẹ̀kùn ò tíì tì. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ àdéhùn náà le. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn ológun fúnra wọn ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tó bá kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́ nígbà tó ṣì wà nínú DEP, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ìlànà iléeṣẹ́ tó ń gba àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ síṣẹ́ tiẹ̀ kà á léèwọ̀ kí recruiter halẹ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ kúrò, tàbí kó sọ fún un pé ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ó lè bá a sọ̀rọ̀, ó lè rọ̀ ọ́, ó lè ní kó tún un rò. Kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà á.

Kí ló dé tí recruiter fi ń fa ọmọ náà mọ́ra?

Ẹ má rò pé gbogbo recruiter ló burú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wọn máa ṣàánú wọn díẹ̀. Ṣọ́jà làwọn náà, wọ́n kàn ní kí wọ́n kúrò nídìí ìbọn, kí wọ́n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́gà, kí wọ́n máa wá ọmọ tó fẹ́ jagun. Iye kan wà tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó bá wọ DEP, wọ́n ti kà á mọ́ iṣẹ́ tí recruiter ṣe. Tó bá jáde, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, recruiter náà á lọ wá ẹlòmíì tó máa dí àyè yẹn.

Ẹ wá wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Lọ́dún ìṣúná 2022, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń wá 60,000 èèyàn, àwọn tí wọn ò rí tó 15,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àtòrí ilẹ̀, àtojú omi, àtòfurufú ni ò kún ìwọ̀n. Àwọn Marines àti Space Force nìkan ló yọ. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, orí kan ṣoṣo tó bá jáde nínú DEP, ó máa ń dun ọ̀gá bí ẹni pé wọ́n yọ ehín rẹ̀ ni.

Nígbà tó di 2024, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹnuure. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ rí ju 55,000 tí wọ́n ń wá lọ. Lọ́dún 2025, 61,000 ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ti rí gbogbo wọn nínú oṣù kẹfà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òpin oṣù kẹsàn-án ni ọdún ìṣúná wọn ń parí. Àwọn tòfurufú náà kéde lóṣù kan náà pé àwọn ti kún ìwọ̀n tàwọn.

Kí lèyí kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ó kàn án dáadáa. Tí oúnjẹ bá pọ̀ lọ́jà, ẹni tó ń tà kì í bẹ oníbàárà. Lọ́dún 2022, ẹ̀ka tuntun tó fẹ́ lọ máa fọwọ́ méjèèjì gbà á ni, èyí tó fẹ́ fi sílẹ̀ á sì rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tuntun. Nísinsìnyí tí ìlà ti gùn, ó lè rọrùn fún un láti kúrò níbi tó wà, kó sì wá pẹ́ níta kí ibi tó ń lọ tó gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀ka padà gbọ́dọ̀ wo ojú ọjà kó tó gbéra.

Kí làwọn ọmọ ń wá kiri?

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n fún mi lọ́mọ náà lórí fóònù. Mo bi í pé, "Kí ló fà á?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé mi kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fọwọ́ sí i, wọ́n ní òun nìkan ló kù." Iṣẹ́ tó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà ló wù ú. Èyí tó fọwọ́ sí ò jẹ mọ́ ọn rárá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò ṣàjèjì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ sábà máa ń kọ iṣẹ́ pàtó sínú ìwé kéèyàn tó lọ. Àwọn Marines, ìdìpọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ, ìgbà tó bá yá ni wàá mọ èyí tó kàn ọ́ nínú rẹ̀. Níbi tàwọn òfurufú, o lè rí iṣẹ́ pàtó gbà, wọ́n sì lè gbà ọ́ wọlé lábẹ́ ẹ̀yà iṣẹ́ kan lásán. Ọmọ tí ò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ máa ń ya ẹnu tó bá kà á dáadáa nílé.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Àwọn Marines kì í fẹ́ gba ẹni tó bá ti kọjá 28. Àwọn tojú omi gbé tiwọn dé 41 lọ́dún 2022, àwọn tòfurufú sì gbé tiwọn dé 42 lọ́dún 2023. Ẹni tó bá dé Amẹ́ríkà nígbà tó ti di bàbá ọmọ méjì, ó dáa kó mọ èyí kó tó yan ibi tó ń lọ. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà ò gùn bákan náà: ọ̀sẹ̀ 13 ni ti Marines, ọ̀sẹ̀ 10 ni tàwọn orí ilẹ̀, tòfurufú jẹ́ ọ̀sẹ̀ 7 àtààbọ̀ ní Lackland, nílùú San Antonio.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nítorí owó oṣù ni ọmọ ṣe fẹ́ yí padà, ẹ sọ fún un kó jókòó jẹ́jẹ́. Tábìlì owó oṣù kan náà ni gbogbo ẹ̀ka ń lò. Ẹni tó wà ní ipò tó kéré jù lójú omi àti ẹni tó wà nípò kan náà lórí ilẹ̀, owó oṣù kan náà ni wọ́n ń gbà. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní GI Bill náà, ọ̀kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni owó àjẹmọ́nú ìwọṣẹ́, irú iṣẹ́, àti bí ìgbésí ayé ṣe máa rí.

Fún ọmọ tó ń lo green card, ohun mìíràn tún wà. Wọ́n gbà á láàyè láti wọṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n kò lè di ọ́físà títí tó fi máa di ọmọ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tó bá sì ní í ṣe pẹ̀lú àṣírí ìjọba, ọmọ onílùú ni wọ́n ń fún. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń wu àwọn ọmọ wa, inú àwọn tí wọ́n tì yìí ló wà. Ìyẹn ni pé ọmọ náà lè yí láti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, kó sì bá ilẹ̀kùn kan náà ní títì níbẹ̀, nítorí pé ìwé ìlú ló ń dí i lọ́nà. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó ti bèèrè èyí lọ́wọ́ ẹ̀ka tuntun tó ń lọ. Ó dákẹ́. Kò tíì bèèrè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Tó bá ti dá ọmọ lójú pé ó fẹ́ yí ẹ̀ka padà, ọ̀nà tó tọ́ rèé, ẹ má jẹ́ kó fò èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kó lọ bá recruiter ẹ̀ka tuntun sọ̀rọ̀, kó sọ òótọ́ fún un pé òun ti wà nínú DEP ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀ka kan kì í jí ọmọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka kejì gbé. Ẹ̀ka tuntun máa ní kó lọ gba ìwé ìtúsílẹ̀ wá ná. Kó má fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ka méjì pọ̀. Kó má sì fi ti àkọ́kọ́ pa mọ́ fún èkejì, nítorí irọ́ pípa láti wọṣẹ́ ológun, ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni lábẹ́ òfin wọn, ó sì lè lé e bá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti gbàgbé. Ibi tí ẹ̀rù ti yẹ kó ba ọmọ nìyí.

Èkejì, kó kọ lẹ́tà. Kó má kọ ọ́ sí recruiter, ọ̀gá tó wà lórí ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ agbègbè náà ni kó kọ ọ́ sí. Kó kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tó wọ DEP, àti pé òun ń bèèrè kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Kó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kó fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ̀rí máa wà pé wọ́n rí i gbà, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù ò tó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹni tó bá sì sọ ọ́ lẹ́nu lásán, ó dà bí ẹni pé kò sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lo green card, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Kó má kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn láéláé pé nítorí òun kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà lòun ṣe fẹ́ kúrò. Ẹsẹ̀ 315 nínú òfin ìwọ̀lú wọn sọ pé ẹni tó bá bèèrè pé kí wọ́n yọ òun kúrò nínú iṣẹ́ ológun nítorí pé àlejò lòun, tí wọ́n sì yọ ọ́, ó ti pàdánù àǹfààní àtidi ọmọ ìlú títí ayé. Bóyá ẹsẹ̀ yẹn kan ọmọ yín tàbí kò kàn án, lọ́yà ló máa sọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé téèyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀? Kó kọ ìdí tó jẹ́ òótọ́: pé ẹ̀ka mìíràn lòun fẹ́ lọ. Ó tó.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn lẹ́tà, wọ́n lè pè é pé kó wá sí ọ́fíìsì. Tó bá fẹ́, kó lọ, kí òbí tàbí àgbà kan bá a lọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí ọjọ́ ìrìn àjò bá wá kò kí ìdáhùn tó dé, kó má lọ sí MEPS pé òun fẹ́ lọ ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń rò pé àwọn lè lọ síbẹ̀ lọ sọ tẹnu wọn. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀gá pọ̀, wọ́n á ní kó tò sórí ìlà, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti nawọ́ sókè. Ẹni tí kò bá lọ, kò búra kejì, DEP ni wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀kẹrin, tí ìwé ìtúsílẹ̀ bá dé, kó tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Kì í ṣe ìwé àbùkù, kò sì sí "wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ ológun" nínú rẹ̀. Ẹ̀ka tuntun máa bèèrè ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì ń gba fọ́ọ̀mù láti di ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n máa bi í ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ ológun níbẹ̀. Kó dáhùn tòótọ́tòótọ́, kó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ohun tó máa ná an

Mo ti ní kí ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún un ti lọ, wọ́n á fún ẹlòmíì. Owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ṣèlérí, tó bá wà, ti lọ. Èsì ìdánwò ASVAB rẹ̀ ṣì wúlò, nítorí ọdún méjì ló fi ń wà láàyè, kò sì sí ẹ̀ka tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá ti lójú ọgbẹ́ tàbí àìsàn kan tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ gbójú fò, ẹ̀ka kejì lè ní àwọn ò gbójú fò ó. Kálukú ló ń ṣe ìpinnu tiẹ̀. Ó lè kúrò níbi tó wà tán, kí ibi tó ń lọ má gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó mọ̀ dáadáa pé wọ́n máa gbà á kó tó kọ lẹ́tà.

Ó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ti ẹni tó wà nínú DEP ni. Ọmọ tó bá fọwọ́ síwèé fún National Guard tàbí Reserve, tí wọ́n ti fún un ní ẹgbẹ́ tó ń dara pọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ le ju èyí lọ. Òun ti wà nínú ilé, ì báà má tíì lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ó máa nílò kí ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù DD 368 kó tó lè bọ́ sí ibòmíì, ọ̀gá náà sì lè kọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì wà níbẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ yín, "Èwo gan-an lo fọwọ́ sí?" kẹ́ ẹ tó fún un nímọ̀ràn kankan.

Ẹ̀kọ́ tí MAVNI kọ́ wa

Àwọn àgbà tó wà lọ́hùn-ún nígbà náà á rántí ètò MAVNI. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, tí àwọn àkọ́kọ́ wọlé lọ́dún 2009. Wọ́n ní àwọn ń wá àlejò tó gbọ́ èdè tó wúlò fáwọn, ì báà má ní green card. Yorùbá wà nínú àwọn èdè náà, Haúsá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀. Ó ju 10,000 èèyàn lọ láti ilẹ̀ káàkiri ayé tó gba ọ̀nà yẹn wọlé. Àwọn tó tètè wọlé di ọmọ ìlú láàárín oṣù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìwádìí ẹ̀yìn gbogbo àwọn tó ṣì ń dúró ṣe. Àwọn tó ti fọwọ́ síwèé, tí wọ́n ti búra àkọ́kọ́, jókòó sínú DEP. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá. Ìwé ìgbélùú àwọn kan tán sí wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń dúró. Nígbà tó di 2018, wọ́n ń fún àwọn kan ní ìwé ìtúsílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìgbà ìdúró kì í ṣe ìgbà iṣẹ́. Ilẹ̀kùn tí kò tíì tì tọ́mọ lè gbà jáde, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ìjọba lè gbà tì í síta. Ọ̀nà àtidi ọmọ ìlú nípasẹ̀ iṣẹ́ ológun ṣì wà fún ẹni tó ní green card, kò sì ní láti dúró fún ọdún márùn-ún bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ nínú DEP. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gangan ni. Ọmọ tó bá kúrò nínú ìlà kan lọ to ìlà mìíràn, ó ti sún ọjọ́ yẹn síwájú nìyẹn. Ó lè tó bẹ́ẹ̀, ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Òun ló mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe wù ú tó.

Ọ̀rọ̀ ìbúra

Lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ara á tù ú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Àbúrò, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti búra. Nílé wa, ṣé èèyàn máa ń búra kó tún yẹ̀ ẹ́?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan kọ́ ló ń bà á. Ojú ń tì í. Bẹ́ẹ̀, ohun tí èmi àti ẹ̀ mọ̀ sí ṣọ́jà láti kékeré, ti ilé ni. Ṣọ́jà tó ń ṣèjọba, ṣọ́jà tó ń fa èèyàn sílẹ̀ nínú mọ́tò. Nínú èrò wa, ẹni tó bá bá ṣọ́jà dá májẹ̀mú tó wá yẹ̀ ẹ́, ó ti tán fún un. Irú èrò yẹn ni halẹ̀halẹ̀ recruiter kan máa ń bọ́ sí, tá á sì hù bí àgbàdo òjò àkọ́rọ̀.

Ohun tí mo sọ fún un ni pé ìwé tí ọmọ fọwọ́ sí àti ìlànà tó ń darí ìwé náà, àwọn kan náà ló kọ ọ́. Àwọn ló ní kó búra lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dè é pa, wọn ò ní í nílò èkejì. Ọmọ tó kọ lẹ́tà, tó fọwọ́ sí i, tó dúró gbọ́ èsì, kò sá. Ẹni tó sá ni ẹni tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àti pé ọmọ tó bá lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ ò sí, tó wá já níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ìbúra kejì, ìyẹn gan-an ni ìwé rẹ̀ máa ní àpá.

Ẹ̀gbọ́n ní òun á sùn lé e lórí.

Wọ́n kọ lẹ́tà náà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀gá recruiter pè wọ́n, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó rọ ọmọ náà pé kó dúró, ó ní àwọn á gbìyànjú láti wá iṣẹ́ mìíràn fún un, ọmọ ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun ti pinnu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé ìtúsílẹ̀ dé. Kò sí ọlọ́pàá tó wá sílé. Green card ọmọ ṣì wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wá dé báyìí ni pé ẹ̀ka tuntun ti ní àwọn máa gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún un pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wù ú, ó di ìgbà tó bá di ọmọ ìlú. Èyí tí wọ́n máa fún un nísinsìnyí jẹ mọ́ títún ẹ̀rọ ṣe, ó sì ní òun fara mọ́ ọn. Àyè ò tíì ṣí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lálaalẹ́ láti fi dúró. Ìyá rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ṣì máa ń sọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ká ní ó lọ síbi àkọ́kọ́ ni, ì bá ti parí ìdálẹ́kọ̀ọ́. Bóyá òótọ́ ló sọ.

Tí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, kẹ́ ẹ tó pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àdéhùn yẹn lọ́wọ́ ọmọ, kẹ́ ẹ kà á látòkèdélẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè mẹ́ta: ìbúra mélòó lo ti ṣe, ṣé DEP ni àbí Guard, ta ló sì ti fi dá ẹ lójú pé ibi tó ò ń lọ máa gbà ẹ́? Tí ọ̀rọ̀ bá ní green card nínú, ẹ wá owó lọ́yà ìwọ̀lú kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́. Àdúrà ò burú, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé yẹn ná.